Bẹ́ ẹ ṣe máa kó kíláàsì láti Ifẹ̀ lọ Trínídáàdì, kẹ́ ẹ sì rí nǹkan gidi kọ́ bọ̀

Ẹ jẹ́ n ti orí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ra ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ṣọ́jà nínú òkìrìkà ní Ọjà Tìtun, ó dì í sínú báàgì, ẹnikẹ́ni ò bá a wí torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ní Trínídáàdì, òfin ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà wọ irú aṣọ yẹn, kódà fìlà, kódà báàgì ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń ṣàlàyé ara ẹ̀, ebi ń pa àwa yòókù, dẹ́rẹ́bà tó wá gbé wa ń fọn fèrè níta. Torí náà, kí n tó sọ̀rọ̀ ìwé rárá, ẹ yẹ báàgì ara yín wò o.

Èmi ni kíláàsì rẹ́ẹ̀pù nígbà yẹn. Àwa méjìlá àti lẹ́kítọ̀ méjì la lọ, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé ká lọ wo erékùṣù kan ní Kàríbíánì tí òyìnbó ti jọba lé lórí rí, ká wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, ká fi wé tiwa. Látìgbà tá a ti dé làwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn wa ti ń bi mí báwo la ṣe ṣe é, mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí, ó yá, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yan erékùṣù kan ṣoṣo. Ẹnì kan ṣáà máa sọ pé ká kúkú lọ mẹ́ta, pé wọ́n sún mọ́ra lórí máàpù. Ẹ má dá a lóhùn. Owó bàálù láti erékùṣù kan sí ìkejì á já yín láyà, èyapọ́ọ̀tù lẹ sì máa fi ìdajì ìrìnàjò jókòó sí. Tó bá jẹ́ wàhálà físà lẹ ń sá fún, Bàbádọ́ọ̀sì ò gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó kàn fẹ́ ṣàbẹ̀wò nígbà tá a ń ṣètò tiwa, Trínídáàdì ń gbà á. Síbẹ̀ Trínídáàdì la lọ, tí wọ́n bá sì ní kí n tún yan òmíì lónìí, ibẹ̀ náà ni màá tún lọ.

Ìdí ni pé gbogbo nǹkan tí ìwé ń pè ní àmúnisìn ló pé síbẹ̀. Sípéènì ló ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní 1783 wọ́n ṣílẹ̀kùn fáwọn Faransé tó jẹ́ Kátólíìkì pé kí wọ́n máa bọ̀ tàwọn tẹrú wọn, nígbà tó wá di 1797 Gẹ̀ẹ́sì fogun gbà á, torí náà ilẹ̀ tí Sípéènì tẹ̀ dó ni, Faransé ló ń gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ló ń pàṣẹ, àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí oko ẹrú wá parí, àwọn olóko ìrèké ò fẹ́ san owó iṣẹ́ tó dáa, ni wọ́n bá lọ kó àwọn ará Íńdíà wá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́, Fatel Razack, gúnlẹ̀ ní 30 oṣù Karùn-ún 1845, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí di 1917. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọmọ Íńdíà, ìdá 34 jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn, torí ọmọ Ifẹ̀ máa ń débẹ̀ bíi pé Yorùbá nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwa Yorùbá wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa tó débẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n tà wọ́n sí oko ibẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lójú òkun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrú, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró tàbí erékùṣù St Helena, látibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn wá ṣiṣẹ́ ní Trínídáàdì láti 1841 lọ. Yarraba ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ìgbà yẹn gan-an ni ogun ń jà káàkiri lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé tú, táwọn tó sá àsálà ń wá ibi dó sí ní Ifẹ̀ títí tó fi di Modákẹ́kẹ́. Ogun kan náà ló gbé àwọn kan dé Modákẹ́kẹ́ tó gbé àwọn kan dé ẹ̀gbẹ́ òkun. Èmi tí mo ń gba Lágere kọjá lójoojúmọ́, mi ò ro ọ̀rọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá kan iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ sígbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Kí oníkálukú yẹ pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ wò, tí kò bá ní ju oṣù mẹ́fà lọ lórí ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa wọlé, kó yáa gba Òṣogbo lọ kó lọ ṣe tuntun. Kí dípátímẹ́ǹtì kọ lẹ́tà, kí àwọn tó máa gbà yín lálejò lọ́hùn-ún náà kọ lẹ́tà, kí orúkọ tó wà nínú lẹ́tà méjèèjì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu kíkankíkan. Ẹnì kan wà láàárín wa tí lẹ́tà pè ní Tóyìn, pásípọ́ọ̀tù pè é ní Olúwatóyìn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi sá sókè sódò lórí “Olúwa” yẹn. Hàì kọmíṣọ̀n Trínídáàdì wà ní Abùjá, ẹ pè wọ́n fúnra yín, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó lóun mọ ẹnì kan.

Yẹ́lò káàdì náà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yellow fever. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ni tó ti Nàìjíríà bọ̀ wọlé láìsí i, abẹ́rẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ gbà á lọ́nà tó tọ́, ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ aláròóbọ̀ nílé ọkọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Kò sí bàálù tó ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà nígbà tá a lọ, ẹ gbọ́dọ̀ yà níbì kan. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò dárúkọ ẹ̀, ó gbé wa gba Lọ́ńdọ̀nù torí pé ó dín owó díẹ̀, kò sì sọ fún wa pé ọmọ Nàìjíríà nílò físà láti kàn yà níbẹ̀, àní kó má tiẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó ku ọjọ́ la mọ̀. Owó tá a pàdánù lórí ẹ̀, ká má sọ ọ́. Amẹ́ríkà náà ń gba físà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yà. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìlú tí bàálù máa yà, ẹ wá lọ wádìí òfin ìlú yẹn fúnra yín, kẹ́ ẹ sì rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé yín dé òpin ìrìnàjò.

Owó ńkọ́? Èésú la dá. Oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ méjìlá, ọwọ́ olùtọ́jú owó kan, kò sí ẹni tó ń kó o kí ìrìnàjò tó dé. Mo sọ èyí torí pé ọjọ́ kejì tá a dé Port of Spain, olú-ìlú wọn, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wa sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ lórí fóònù pé òun ń retí ọwọ́ òun nínú “susu”. A wo ara wa lójú. Èésú ni! Yàtọ̀ sí ti ìrìnàjò yẹn, bí wọ́n ṣe ń dá a náà la ṣe ń dá a nílé, oníkálukú á máa kó o bó bá ṣe kàn án. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ohun kan tó jọra láti ilé wá sọ̀rọ̀ lé lórí ní kíláàsì, ẹ gbé èyí lọ.

Ìgbà wo lẹ máa lọ? Kànífà wọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, ó dùn, àmọ́ ilé gbígbé máa ń gbówó lórí, kò sì sí ẹni tó máa ráyè dá yín lóhùn. Ẹ lọ ní ìparí oṣù Keje. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni Ọjọ́ Ìdásílẹ̀ kúrò lóko ẹrú, Trínídáàdì ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 1985. Ní Port of Spain, ẹ máa rí agboolé ńlá tí wọ́n pa fún un ní Queen's Park Savannah, orúkọ ọmọ ilẹ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Omowale ló wà lára ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ ka orúkọ yẹn dáadáa. Òjò máa rọ̀ o. Ẹ mú agbòjò.

Kíláàsì gidi, Ifẹ̀ lẹ ti máa ṣe é. Èyí ló dùn mí jù lọ́rọ̀ tiwa, torí a ò ṣe é tó. Mo ti lo ọdún mẹ́ta ní Ifẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ṣúyà tó dáa jù ní Mayfair, àmọ́ mi ò tíì wọ mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnu Ọwá rí, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn sì rèé, inú mótò ni mo ti máa ń wò ó. Ẹ dé Trínídáàdì, kẹ́ ẹ sọ pé Ifẹ̀ lẹ ti wá, ẹ máa rí bí ojú àwọn àgbà inú yáàdì òrìṣà, ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà lọ́hùn-ún, ṣe máa yí padà. Wọ́n mọ̀ pé Ifẹ̀ ni orírun. Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé lọ síbẹ̀ ní 1988 nígbà tó wà lórí ìtẹ́ Ọọ̀ni, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n á wá bi yín: Òkè Ìtasẹ̀ ṣe rí? Ta ló ń ṣe Ọlọ́jọ́, kí ni Ọba ń dé sórí lọ́jọ́ náà? Ojú á tì yín bẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n. Torí náà ẹ lo Sátidé mẹ́rin ṣáájú, ẹ lọ Òkè Ìtasẹ̀, ẹ lọ Ẹnu Ọwá, ẹ jókòó ti bàbá kan kó sọ̀rọ̀. Ẹ tún wádìí àpérò àgbáyé àwọn olórìṣà, Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1981, ní 1999 ó kan Trínídáàdì, ọdún yẹn náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó nílànà òrìṣà. Mi ò rò pé àwa níbí ní irú òfin yẹn lórúkọ òrìṣà.

Kí oníkálukú ní ìbéèrè tiẹ̀ kan kó tó gbéra. Ìbéèrè, kì í ṣe àkòrí. “Àṣà àwọn ará Kàríbíánì” kì í ṣe ìbéèrè. Tèmi rèé: kí ló dé tí ẹjọ́ tó bá dé òpin ní Trínídáàdì ṣì ń lọ sí Privy Council, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, títí dòní, nígbà tó jẹ́ pé Port of Spain wọn níbẹ̀ ni Caribbean Court of Justice, ilé ẹjọ́ àwọn ará Kàríbíánì fúnra wọn, fi ṣe ibùjókòó láti 2005? Àwa ti jáwọ́ nínú Privy Council láti 1963 tá a di rìpọ́bíìkì. Àwọn gba òmìnira ní 31 oṣù Kẹjọ 1962, wọ́n di rìpọ́bíìkì ní 1976, wọ́n yọ ọbabìnrin kúrò lórí, wọ́n wá fi ilé ẹjọ́ ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ka ìwé títí. Dẹ́rẹ́bà kan ló fún mi ní ìdáhùn tó wọ̀ mí lára jù, ó ní ìlú àwọn kéré, àwọn ò fẹ́ adájọ́ tó mọ ilé ìyá àwọn. Lẹ́kítọ̀ mi ò gbà pé ìdáhùn nìyẹn. Mo ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ti owó gbà-má-bínú. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni wọ́n pín, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n pín in fún, ẹrú ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́ láti 1834 títí di 1838. Ẹlòmíì gbé ti ìlù, pé lẹ́yìn rògbòdìyàn Canboulay tó ṣẹlẹ̀ nígbà Kànífà 1881, ìjọba fòfin de ìlù, àwọn èèyàn bá ń lu ọparun mọ́lẹ̀, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin àti àgbá epo rọ̀bì, ohun tó di steelpan nìyẹn. Ìyẹn ló gba máàkì tó pọ̀ jù nínú wa, ó sì tọ́ sí i.

Níbẹ̀, ẹ má ṣe sáré. Ibi méjì lóòjọ́ ti tó. Woodford Square ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó sí, níbi tí Eric Williams ti ń kọ́ ará ìlú ní ìtàn àti òṣèlú kó tó di olórí ìjọba àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀ ní yunifásítì. Ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn ni Williams, òun ló kọ ìwé ní 1944 pé owó òwò ẹrú wà lára ohun tó gbé ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìde. Red House, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woodford Square, ibẹ̀ làwọn agbébọn wọ̀ ní 27 oṣù Keje 1990 tí wọ́n mú olórí ìjọba mọ́lẹ̀. Ẹ fún láíbìrérì Alma Jordan ní yunifásítì UWI, St Augustine, lódindi ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ ti kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú, torí ẹ̀ka ìwé Kàríbíánì wọn kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ kàn máa wọ̀ bíi ti Hezekiah, láíbìrérì tiwa ní Ifẹ̀.

Gúúsù wá ni ọkàn mi wà. Adágún ọ̀dà ní La Brea, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bí ọgọ́rùn-ún éékà, ọ̀dà ni gbogbo ẹ̀, ẹ máa rìn lórí ẹ̀ tí bàtà yín á máa rì díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa la ń sọ̀rọ̀ Agbabu ní Ondó, níbi tí ọ̀dà tiwa wà. Fyzabad níbi tí Butler ti kó àwọn òṣìṣẹ́ epo jáde ní 19 oṣù Kẹfà 1937, ọjọ́ náà ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ òṣìṣẹ́ wọn dòní. Àti Waterloo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo Waterloo. Ọmọ Íńdíà kan tó ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké, Sewdass Sadhu, kọ́ tẹ́ńpìlì sórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà, wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ni, wọ́n wó o, wọ́n tún fi í sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó ní ṣé òkun náà ní olóhun ni? Ló bá fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé òkúta àti sìmẹ́ńtì wọ inú omi, ọdún lórí ọdún, ó kọ́ ọ sínú òkun. Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àmúnisìn jẹ́, kó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Màkísì táàsì, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ni kẹ́ ẹ máa wọ̀, ìlà tó wà lára ẹ̀ ló ń sọ ibi tó ń lọ, pupa fún ìlà oòrùn, àwọ̀ ewé fún gúúsù. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà, torí náà ẹ wo ọ̀tún kẹ́ ẹ tó sọdá títì, mi ò ní sọ ẹni tí mótò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá. Iná wọn ò le tó tiwa, sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn yàtọ̀, ẹ mú ádápítọ̀ dání, áyọ́ọ̀nù yín kò ní gbóná. Wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn, ẹ sọ fún àwọn ìyá yín kí wọ́n yé pe yín láàárọ̀ kùtù. Oúnjẹ ò le: “doubles”, ẹ̀wà chickpea láàárín búrẹ́dì díndín méjì, ní òwúrọ̀, “callaloo” tó jọ ọbẹ̀ ewé kókò tó ní ilá nínú, àti “accra”, tí í ṣe àkàrà lórúkọ, àmọ́ fúláwà àti ẹja oníyọ̀ ni, kò sí ẹ̀wà nínú ẹ̀ rárá. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ bínú sí i. Mo ní kó jẹ ẹ́.

Ẹ kí èèyàn. Bẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí màkísì láìkí ará ibẹ̀, wọ́n á wò yín bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Lálẹ́, “good night” ni wọ́n fi ń kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, bíi ẹ káalẹ́ tiwa gẹ́lẹ́, ẹ má rò pé wọ́n ń lé yín lọ sùn.

Yáàdì òrìṣà wá ni ibi tó gba sùúrù. Ẹ má lọ láì jẹ́ pé ẹnì kan mú yín lọ. Ẹ béèrè aṣọ tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wọ̀, àwọn obìnrin kí wọ́n mú síkẹ́ẹ̀tì gígùn àti gèlè. Ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti bọ́ ọ. Fóònù yín, ẹ pa á, ẹ sọ ọ́ sínú báàgì, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Ẹ má di obì tàbí ewé sínú ẹrù láti ilé, kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní gbà á, àdìrẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti tó lẹ́bùn. Ẹ máa rí Ṣàngó tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Jòhánù mímọ́, Ògún mọ́ Máíkẹ́lì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó jẹ́ pé òfin fòfin de ìjọsìn wọn, kódà àwọn Bàtísì onípariwo tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì fi ọdún 1917 títí di 1951 sá pamọ́ fún ọlọ́pàá, ibi tí èèyàn bá rí ló máa ń tọ́jú nǹkan sí.

Ẹ má ṣe tún orin wọn ṣe. Ọ̀kan nínú wa ṣe é. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń kọrin Ògún, ọ̀rọ̀ Yorùbá inú ẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ohùn ti yí, ọmọkùnrin wa bá ní mà-má, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè é. Gbogbo yáàdì dákẹ́. Ìyá yẹn ò bínú, ó kàn ní bí ìyá òun ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ó wá bi í léèrè pé ṣé òun náà mọ èyí tó kù. Kò mọ̀ ọ́n. Nínú wa méjìlá tá a ti Ifẹ̀ wá, ẹnì kankan ò mọ orin yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ẹ jókòó wákàtí kan kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, kó má di pé ẹ ó máa fi Google kọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá délé. Bẹ́ ẹ bá sì dé, ẹ fi fọ́tò àti ohùn tẹ́ ẹ gbà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín lórí WhatsApp kí oṣù kan tó pé, àti rìpọ́ọ̀tì náà. Tiwa pẹ́ oṣù mẹ́rin. Nígbà tá a wá fi orin ìyá yẹn ránṣẹ́, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló dáhùn, ó ní màmá ní ká jọ̀ọ́ gbé e fún àgbà kan ní Ifẹ̀ gbọ́. A gbé e lọ bá bàbá kan lẹ́yìn ààfin. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní òun gbọ́ ìlà méjì nínú ẹ̀, ká fi sílẹ̀ fún òun di ọjọ́ ọjà.